Ẹ̀yin Ọ̀gá Fáúńdà, Ebi Kò Ní Ímeèlì

Ẹ̀yin ọmọ Yábàá tí ẹ ń fi áàpù dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ni mò ń bá wí. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìnáwó dátà, ẹ sì kú oríire orúkọ tuntun tí ẹ fún ara yín. Nígbà tiwa, ẹni tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà kan ṣoṣo kò tíì yọjú síbẹ̀, "ọmọ Lágbájá tó ń wáṣẹ́" là ń pè é. Lónìí, fáúńdà ni. Ìyá rẹ̀ kò mọ ohun tó ń ṣe gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ìṣọ́ òru kan tí kì í ti í bẹ Ọlọ́run pé kó sọ fáúńdà ọmọ òun di iṣẹ́.

Áàpù àjẹkù ni mo bá wá. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ti kó ara yín jọ sínú yàrá amúlétutù láti fi òpin ọ̀sẹ̀ kan dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan nínú yín kò ní ṣàì dìde pé òun fẹ́ so oúnjẹ tó ń ṣẹ́kù ní ilé oúnjẹ ńláńlá pọ̀ mọ́ ẹni tí ebi ń pa. Gbogbo ìjókòó á mí kanlẹ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ tí yóò gbé sójú ògiri ni ti ike ìdalẹ̀nù tí ìrẹsì kún dé ẹnu. Èkejì, ọmọdé kan tí kò wọ bàtà. Ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ nínú súẹ́tà dúdú, tó ká ọwọ́ mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Ìrẹsì inú àwòrán àkọ́kọ́ yẹn, ilé Òyìnbó ni wọ́n ti dà á nù. Ó hàn lójú ìrẹsì náà: kò rí ata rí.

Kó tó sọ̀rọ̀ débì kan, inú tirẹ̀ gan-an á ti máa kùn. Indomie ló jẹ lánàá, gáàrí ló mu sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá aláìní kiri Ajégúnlẹ̀ àti Mákòókó, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó di máíkì mú yẹn dáadáa.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lo áàpù náà. Bàbá kan wà ní Mákòókó tí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àná. Ẹ ní kó gba áàpù sórí fóònù. Fóònù wo? Èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí ni tirẹ̀. Ọ̀sán ló fi í pe èèyàn, òru ló fi í wá ilẹ̀kùn. Ká ní ó rí fóònù olójú gbàràmù yá lọ́wọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ dátà. Ní January 2025 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti fi owó lé owó wọn, kó má ṣáà ti ju ìdá 50 nínú 100 lọ. Bàbá bá fi owó gáàrí ra dátà, ó fi dátà ń wá ìrẹsì. Áàpù ní kó kọ ímeèlì rẹ̀. Ebi kò ní ímeèlì. Áàpù ní kó ṣe páásíwọọ̀dù, kó ní lẹ́tà ńlá, kó ní nọ́ńbà, kó sì ní àmì kan tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sí nǹkan kan láyé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n to àwòrán mẹ́sàn-án síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó tẹ gbogbo èyí tí kẹ̀kẹ́ ológeere wà nínú rẹ̀, kí àwọn lè mọ̀ pé èèyàn ni, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ikùn tó ń dún yẹn kò tó yín ní ẹ̀rí?

Nígbà tó fi máa wọlé tán, áàpù á fi tayọ̀tayọ̀ sọ fún un pé abọ́ fráìdì ráìsì kan wà fún un ní Lẹ́kí, kó wá gbé e kó tó di aago 10 alẹ́. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ra abọ́ kan náà ní Mákòókó. Bó bá sì forí tì í dé Lẹ́kí, sikiọ́rítì ẹnu géètì á wò ó látòkè délẹ̀, á ní ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń kó ilẹ̀ wà lẹ́yìn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, fóònù á dún: "Ẹ jọ̀wọ́, ìràwọ̀ mélòó lẹ máa fún wa?"

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa la kọ́kọ́ ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Ní December 2014, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tessa Clarke ń kó ẹrù kúrò ní Switzerland padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn akẹ́rù ní kó da oúnjẹ tó kù nílé nù: ọ̀dùnkún, kábéèjì, yógọ́ọ̀tì. Ó ní èèwọ̀. Ó kó wọn jáde láti wá ẹni tó máa fún, kò rí. Ẹ fojú inú wo obìnrin tó gbé odidi kábéèjì lọ́wọ́ nínú òtútù, tí kò rẹ́ni bá a gbà á. Ká ní Ìbàdàn ni, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni ìyá ilé kejì á ti na ọwọ́, á tún béèrè pé, "Kábéèjì nìkan ni? Ẹran rẹ̀ ńkọ́?" Nígbà tó di 2015, òun àti Saasha Celestial-One dá Olio sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí aládùúgbò lè máa fún aládùúgbò ní oúnjẹ tó pọ̀jù fún un. Òyìnbó ní láti kọ́ ẹ̀rọ kí wọ́n tó lè kan ilẹ̀kùn ara wọn. Àwa tí a ò kan ilẹ̀kùn, tí a kàn ń ti orí wọlé pé "ẹ kú oúnjẹ o", àwa la tún ń jí ẹ̀rọ yẹn kọ.

Ọdún 2015 yẹn náà ni àwọn ọ̀dọ́ kan ní Copenhagen, ní Dẹ́ńmáàkì, bẹ̀rẹ̀ Too Good To Go. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: bí ilé oúnjẹ bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn, wọ́n á kó ohun tó kù sínú àpò, ẹ̀yin á san bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ohun tó wà nínú àpò títí ẹ ó fi tú u. Inú wọn dùn sí i lọ́hùn-ún; wọ́n ní ìyàlẹ́nu ni. Ní Èkó, ta ló ń sanwó ìyàlẹ́nu? Ẹ ra bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ òsì méjì ni wọ́n máa gbé wá, lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin tó di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ní 2017, Mette Lykke, inú bọ́ọ̀sì ló ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, nígbà tí ẹni tó jókòó tì í fi áàpù náà hàn án lórí fóònù. Ẹ dán ìyẹn wò nínú dánfó Oṣòdì. Fóònù tí ẹ gbé jáde pé kí ará ẹ̀gbẹ́ yín wá wo nǹkan, ojú fèrèsé ló máa gbà sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú yín.

Ṣùgbọ́n ẹ tún ọ̀rọ̀ àwọn ará Copenhagen wò dáadáa. Ẹni tó ń ra àpò wọn kì í ṣe aláìní. Ẹni tó lówó ni, tó kàn fẹ́ràn ẹ̀dínwó. Ilé oúnjẹ rí díẹ̀ gbà lórí ohun tó fẹ́ dà nù, oníbàárà jẹ bọ̀tà lówó pọ́ọ́kú, áàpù yọ tirẹ̀ láàárín. Ìṣòwò ni, wọ́n sì mọ̀ pé ìṣòwò ni. Tiwa ló ń dá mi lára yá. Ẹ bi fáúńdà wa pé ibo ni owó máa gbà wọlé bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ ni oúnjẹ, tó sì jẹ́ aláìní ni oníbàárà. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní àwọn máa gba kọ́míṣọ́nnù díẹ̀ lórí abọ́ kọ̀ọ̀kan. Kọ́míṣọ́nnù lórí sàráà! Àwọn alágbe Ìdúmọ̀tà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ayé bàbá wọn kò ronú kàn án rí.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ bá àwọn tí ẹ ní wọ́n ní àjẹkù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá oníbúkà, bí àyà yín bá gbà á. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí i, kí ẹ wá bi í pé, "Mà, oúnjẹ yín tó máa ń ṣẹ́kù lálẹ́ ńkọ́?" Ṣíbí ọbẹ̀ ni yóò fi lé yín jáde. "Tèmi kò ní ṣẹ́kù! Ilé yín ni yóò ṣẹ́kù sí!" Ẹ ti ṣépè fún ọjà rẹ̀ láìmọ̀. Òótọ́ ló sì sọ, nítorí kò sí àjẹkù ní búkà. Ọbẹ̀ tó kù lónìí ni ìyá ọbẹ̀ ọ̀la. Ọbẹ̀ kan wà ní Mushin tó ju ọmọ tó ń bù ú lọ́jọ́ orí. Wọ́n kàn ń fi ata bọ́ ọ ni. Ìrẹsì tó gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò ní olówó tirẹ̀, mẹkáníìkì kan tó máa ń dé ní aago 9 tó ní èyí tó jóná díẹ̀ ló dùn. Eegun ní ajá tó ti jókòó dè é láti ọ̀sán. Bí ẹ bá rí nǹkan kan kó kúrò ní búkà yẹn láìsanwó, ẹ wá sọ fún mi, mo fẹ́ bá yín ṣòwò.

Ilé oúnjẹ onígíláàsì ló kù. Òótọ́ ni pé oúnjẹ ń ṣẹ́kù níbẹ̀. Míìtì páì kan wà nínú gíláàsì wọn tó ti ń wo ọ̀nà láti ìjọba tó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí máníjà rí òṣìṣẹ́ tó fi ẹyọ kan sínú báàgì, ìwé ìdádúró ló máa fi nu ẹnu. Ẹ má tètè bú u. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá lè máa gbé àjẹkù lọ sílé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sè fún ilé láti aago 6. Ìbẹ̀rù kejì tún wá ju ìyẹn lọ: kí ìgbẹ́ gbuuru ti ẹnì kan mọ́lẹ̀ lálẹ́, kí orúkọ ilé oúnjẹ òun wà lórí Facebook kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àwọn tí kò tọ́ ọ wò rí sì máa sọ pé inú run àwọn náà.

Òfin ni wọ́n fi wo ìbẹ̀rù yẹn sàn níbòmíràn, kì í ṣe áàpù. Amẹ́ríkà ṣe òfin ní 1996, Clinton ló fọwọ́ sí i, pé ẹni tó bá fi ọkàn rere ta oúnjẹ lọ́rẹ fún ẹgbẹ́ aláàánú, wọn kò ní torí rẹ̀ wọ́ ọ lọ sí kóòtù, àfi bó bá ṣe àìbìkítà tó kọjá ààlà tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe láburú. Faransé wọ ṣòkòtò lé tiwọn ní 2016: súpámákẹ́ẹ̀tì tí àyè ìtajà rẹ̀ bá ju 400 mítà onígun mẹ́rin lọ, dandan ni kó bá ẹgbẹ́ aláàánú ṣe àdéhùn lórí oúnjẹ tí kò tà, kò sì gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Àwọn aṣòfin tiwa náà kò kẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ o. Ìdí jíjẹ rẹ̀ ni wọ́n wà.

Ìgbà tí mo tún wo ìṣirò UNEP, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ẹ̀rín pa mí. Wọ́n ní ní 2022, gbogbo ayé da oúnjẹ bílíọ̀nù 1.05 tọ́ọ̀nù nù. Mílíọ̀nù 290 ti ilé oúnjẹ wá, mílíọ̀nù 131 ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tajà wá. Ilé yín àti ilé mi ló da mílíọ̀nù 631 tó kù. Ẹ wá fi áàpù dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ bí ọlọ́pàá tó lọ ṣọ́ báǹkì nígbà tí olè wà nílé rẹ̀.

Ẹ ò béèrè ibi tí àjẹkù Yorùbá wà gan-an? Ẹ wọ aṣọ yín, ẹ tẹ̀lé mi lọ sí òde lọ́jọ́ Sátidé.

Wọ́n pe èèyàn 500. Wọ́n sè fún 800, nítorí a kì í ṣe ìran tí í pe 500 tí 500 í wá. Ìyá ìyàwó ní alásè tirẹ̀, ìyá ọkọ ní alásè tirẹ̀, nítorí kò sí èyí tó fọkàn tán iyọ̀ èkejì. Ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé ìyàwó gbé kúlà tiwọn wá, ìjọ gbé tiwọn wá, àwọn ẹlẹgbẹ́ bàbá ọkọ sì ní ewúrẹ́ kan tó jẹ́ ti àwọn nìkan, tí wọ́n ń sun lẹ́yìn gbọ̀ngàn bí ọ̀rọ̀ àṣírí. Àlejò kan á gba jọ́lọ́ọ̀fù, á tọ́ ṣíbí mẹ́ta wò, á rí àmàlà tó ń kọjá, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó tó fọwọ́ kan àmàlà, ó gbọ́ pé ọ̀fàdà wà. Àwo mẹ́rin ló máa wà níwájú ẹni tó ní òun ń ṣọ́ra fún oúnjẹ nítorí ìtọ̀ ṣúgà.

Síbẹ̀, ní aago 7 alẹ́, tábìlì 42 kò tíì rí nǹkan jẹ. Ẹ wo ìyanu! Kúlà mẹ́rin ló kún dẹ́nu nínú yàrá ẹ̀yìn, àwọn èèyàn sì ń fi omi inú ọ̀rá ṣe oúnjẹ alẹ́ nínú gbọ̀ngàn. Kò sí ẹni tó jí oúnjẹ. Àǹtí kan ló jókòó lé kúlà.

Ẹ jẹ́ kí n fi àǹtí yìí hàn yín, nítorí òun ni áàpù tí ẹ ń wá owó láti kọ́. Wọn kò yàn án sípò. Ó kàn dé láti ìrọ̀lẹ́ Fráídé pẹ̀lú àpótí ìjókòó tirẹ̀. Ẹ dé iwájú rẹ̀, kò ní béèrè páásíwọọ̀dù. Á wo ojú yín, á wo léèsì yín, á wo bàtà yín. "Ẹbí ta ni yín?" Ẹ ní ọ̀rẹ́ ọkọ ni yín. "Ọ̀rẹ́ ọkọ kò sí lábẹ́ mi." Ẹ padà wá, ẹ ní ẹbí ìyàwó ni yín. "Kí ló dé tí ẹ ò ra aṣọ ẹbí?" Àwọn tí ẹ̀ ń san owó gọbọi fún láti kọ́ kọ̀ǹpútà bí a ti ń mọ ojú èèyàn, ẹ ní kí wọ́n wá kẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá kan tí kò sọ nǹkan kan, tó kàn ṣẹ́jú sí i láti ọ̀ọ́kán, ti gba abọ́ mẹ́fà láti abẹ́ tábìlì.

Ní ti ìgbélọ, ẹ wo báàgì aláwọ̀ wúrà tó wà lórí itan ìyá tó jókòó létí yín. Láílọ́ọ̀nù dúdú mélòó kan ti wà ní kíká nínú rẹ̀ láti ilé. Sẹ́mó wọlé, ẹran tẹ̀lé e, mọ́ínmọ́ín mẹ́rin wọlé, òógùn kò yọ lójú rẹ̀, ó ṣì ń fi orí jó sí ìlù. Kí olórin tó kí wọn pé ó dàárọ̀, oúnjẹ òde Sùúrùlérè ti dé Agége, ó ti dé Ìkòròdú, ó ti ré kọjá Ọ̀tà, láìsí máàpù, láìsí awakọ̀ tó ń pè pé "ẹ wà níbo gan-an?" Ìyá yẹn ti jẹ́ fáúńdà kí wọ́n tó bí bàbá yín.

Àléébù kan ṣoṣo ló wà nínú ètò rẹ̀: ẹni tó ti yó ló ń gbé oúnjẹ fún. Ọmọ tó ń ṣa ike omi lábẹ́ tábìlì kò sí nínú ìwé àǹtí orí kúlà. Àwọn obìnrin tó máa gbá gbọ̀ngàn ní aago 12 òru kò sí níbẹ̀. Bàbá Mákòókó wa kò mọ̀ pé òde wà. Tó bá fi máa di àárọ̀ Sunday, tí wọ́n bá ṣí kúlà kẹrin, jọ́lọ́ọ̀fù ti ń hó fúnra rẹ̀ láìsí iná nídìí. Wọ́n á dì í dà sẹ́yìn ilé, wọ́n á ní "ayé ló kan ọbẹ̀ wa". Ayé kọ́. Ẹ̀yin lẹ jókòó lé e.

Ibi tí ọgbọ́n ìwé yín ti wúlò ti dé wàyí, àmọ́ kì í ṣe ọgbọ́n áàpù. Ọ̀rọ̀ àkókò ni. Àwọn elétò ìlera oúnjẹ ní Amẹ́ríkà sọ pé oúnjẹ sísè tí kò sí lórí iná, tí kò sí nínú fíríìjì, wákàtí 2 ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí ooru bá ju ìwọ̀n 32 ti Celsius lọ, wákàtí 1 péré. Ní Èkó, ní March, 32 ni oòrùn fi ń yọ omi ojú. Ẹ wá gbé ìrẹsì láti Victoria Island ní ìrọ̀lẹ́ Fráídé, ẹ gbà á sórí afárá Third Mainland. Kìlómítà 11.8 ni gígùn afárá yẹn, ṣùgbọ́n èmi kò mọ ẹni tó fi kìlómítà ka súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rí. Ìrẹsì á gun afárá ní jọ́lọ́ọ̀fù, á sọ̀ ní ẹ̀sùn. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus. Irúgbìn rẹ̀ máa ń là á já bí wọ́n bá se ìrẹsì. Bí ìrẹsì bá pẹ́ níta, á jí, á máa tu oró sínú rẹ̀, títún un gbé kaná kò sì ní pa oró náà. Àdúrà ìṣáájú oúnjẹ pàápàá, ó máa ń ṣe àmín sí i ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ẹ nílò kì í ṣe àwọ̀ búlúù tó dára fún bọ́tìnnì. Kúlà olómi gbígbóná ni, tí yóò jẹ́ kí oúnjẹ wà lókè ìwọ̀n 60. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni, àti awakọ̀ tí kò ní jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé gbẹ̀gìrì kì í dúró de ẹnì kankan ni. Àwọn tó ti ṣe é láṣeyọrí lórílẹ̀-èdè yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oscar Ekponimo, tí ebi ti bá wọ̀yá ìjà ní kékeré nígbà tí bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn, kò fọwọ́ kan ìrẹsì sísè nígbà tó kọ́ Chowberry. Ọjà inú agolo àti inú páálí tí ọjọ́ rẹ̀ ń parí lọ ní súpámákẹ́ẹ̀tì ló dojú kọ: bí ọjọ́ bá ṣe ń sún mọ́lé ni owó ń já, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú á rà á. Wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ Rolex dá a lọ́lá ní 2016. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni, ó mọ̀ pé mílíìkì inú agolo lè jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láìbínú. Lagos Food Bank tí Michael Sunbola dá sílẹ̀ náà, ilé ìkẹ́rùsí, ọkọ̀ àti àwọn tó ń fi ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́ ló gbé wọn dúró.

Ẹ jẹ́ kí n dá ẹ̀fẹ̀ dúró ná. Ní ọjọ́ 18 December 2024, àwọn òbí kó ọmọ wọn lọ síbi ayẹyẹ ọdún ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n máa pín owó àti oúnjẹ fún ọmọdé. Èrò pọ̀ ju àyè lọ. Ọmọ 35 ni kò padà sílé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, èrò tún tẹ èèyàn pa ní Okija àti ní Àbújá, níbi ìpín ìrẹsì.

Ibẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ tó yẹ áàpù yín, tí mo sì ń fi gbogbo ẹnu sọ pé kí ẹ má jáwọ́. Ìwé aláìní tí kò pe gbogbo èèyàn sójú kan, lákòókò kan: èyí, aago 3, ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tọ̀hún, aago 4, ní ọgbà ilé-ìwé, ìyá arúgbó yẹn, ẹ gbé tirẹ̀ lọ bá a nílé. Ẹ gbé áàpù lé alásè lọ́wọ́, ẹ gbé e lé onígbọ̀ngàn lọ́wọ́, ẹ gbé e lé ẹni tó ń wa Márúwá lọ́wọ́. Àwọn ló ní fóònù olójú gbàràmù. Bàbá Mákòókó, àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ti tó o sórí fóònù tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ní èdè tó gbọ́. Ẹ má sì ní kó kọ nǹkan kan láti fi hàn pé aláìní ni òun. Ìyálọ́jà mọ ilé tí wọn kò ti dáná láti ìjẹta. Ìmáàmù mọ̀ ọ́n, pásítọ̀ mọ̀ ọ́n, alága àdúgbò mọ̀ ọ́n. (Bí alága àdúgbò bá ti wá fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣáájú ìwé, ẹ̀yin náà kì í ṣe ọmọdé.)

Fọ́tò ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Ẹ fẹ́ ya bàbá náà pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì, kí ẹ̀yin méje wọ fáníìlà tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́, kí ẹ dì mọ́ abọ́ kan ṣoṣo bí ẹni pé ó fẹ́ fò lọ, kí ìrẹsì tutù nígbà tí ẹ ń wá ìmọ́lẹ̀ tó dára. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ ya ara yín lọ́jọ́ tí gáàrí tán ní ọ́fíìsì yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó fẹ́ fún yín lówó. Ẹ máa rí i pé ojú kì í fẹ́ kí ayé rí òun nígbà tí ebi ń pa ikùn.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń fi àwọn ọmọ Yábàá rẹ́rìn-ín bọ̀ láti òkè, ó kàn yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní òde lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ bá alásè yín sọ̀rọ̀ láti Thursday. Ẹ wá nọ́ńbà ilé ọmọ aláìlóbìí kan tàbí ilé arúgbó kan tí kò jìnnà sí gbọ̀ngàn, kí ẹ sì yọ odidi kúlà kan fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí oúnjẹ ṣì gbóná, kí ẹran rẹ̀ ṣì pé. Ẹ má dúró de àjẹkù. Bí àǹtí orí kúlà bá sì bi yín pé ẹbí ta ni wọ́n, ẹ ní ẹbí ìyàwó ni.